Omi Ni Ẹ̀mí Ẹja Aláwọ̀ Wúrà

Nígbà tí ẹja aláwọ̀ wúrà inú àpótí onídígí bá kú, tí àwọn ọmọ sì ń sunkún, àwọn àgbà ilé a máa wí pé ebi ni ó pa á. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi ni. Ẹ̀gbin ara ẹja àti oúnjẹ àjẹkù a máa di oró nínú omi, bí ó tilẹ̀ mọ́ gaara lójú.

Èkíní, ẹ fún ẹja ní kìkì oúnjẹ tí yóò jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú 2.

Èkejì, ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ gbọ́n ìdámẹ́rin omi náà dànù, kí ẹ sì fi tuntun dípò. Ẹ má ṣe da gbogbo rẹ̀ nù, ẹ má sì ṣe fi omi ẹ̀rọ fọ asẹ́ rẹ̀. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ń pa agbára oró náà ń gbé ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta, oògùn apakòkòrò inú omi ẹ̀rọ léwu fún ẹja. Ẹ bu omi náà sínú garawa tí a kò dé, kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 24 kí ẹ tó lò ó.

Bí ẹja bá ń yanu lójú omi, ẹ tètè pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi náà kí ẹ tó wá oògùn. Ẹja tí a tọ́jú dáradára lè lò ju ọdún 10 lọ.