Ọmọ Tó Gbẹ̀yìn Nínú Eré Ìje

Gbogbo ẹni tó bá lọ sílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ló mọ ọjọ́ íńtà-háòsì. Kí ọjọ́ ọ̀hún tó pé, wọ́n á ti fi eérú fa ìlà sórí pápá, àwọn ìyá á ti wá aṣọ yẹ́lò, búlúù tàbí gíríìnì fún ọmọ wọn. Máàṣì-páàsì ni wọ́n á kọ́kọ́ ṣe, kí wọ́n tó kan eré àpò, ọsàn wẹ́wẹ́ lórí ṣíbí àti ìrọmi-sígò. Tíṣà PHE, ìyẹn tíṣà eré ìdárayá, ló ni ọjọ́ náà. Òun ló so fèrè mọ́rùn, òun ló wọ kánfáàsì funfun, ohùn rẹ̀ sì ni gbogbo pápá ń retí: “Ọ́n yọ̀ màákì, sẹ́ẹ̀tì…”

Àmọ́ tíṣà yìí kan náà ti ṣa ọmọ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Ó ní kí gbogbo kíláàsì sáré, ó mú àwọn mẹ́rin tí ẹsẹ̀ wọn yá jù, ó ní kí àwọn tó kù lọ jókòó. Àwọn tó kù yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ọmọ tó sanra wà nínú wọn, èyí tí èémí kì í tó tó bá sáré wà níbẹ̀, àti èyí tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú lẹ́sẹ̀. Abẹ́ igi máńgòrò ni PHE tiwọn, láti ìwé kìíní títí dé ìwé kẹfà. Kò sẹ́ni tó kórìíra wọn. Wọn kò kàn sí nínú ohun tí wọ́n ní kí tíṣà náà wá ṣe ni.

Ibòmíràn wà tí ọ̀rọ̀ wọn ti yàtọ̀. Decatur jẹ́ ìlú kékeré tó lẹ̀ mọ́ Atlanta lápá ìlà-oòrùn, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fẹ́ di tíṣà PHE níbẹ̀, ọmọ abẹ́ igi máńgòrò yẹn gan-an ni wọ́n máa kọ́ ọ bí yóò ṣe kọ́. Ìyàtọ̀ ńlá tí mo rí láàárín ibẹ̀ àti ilé nìyẹn, ó sì ju ti owó oṣù tàbí ti gbọ̀ngàn eré aláfẹ́fẹ́ tútù lọ.

Ọ̀nà tí èèyàn ń gbà débẹ̀ kò ṣàjèjì pátápátá. Bí àwa ṣe ní NCE kí èèyàn tó kọjá sí dìgírì, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Decatur lè fi ọdún méjì àkọ́kọ́ kàwé ní ẹ̀ka Perimeter College tó wà ní Decatur. Abẹ́ Georgia State University ni kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí ti wà láti ọdún 2016, nítorí náà, ọmọ ọ̀hún lè kọjá sí yunifásítì náà fúnra rẹ̀ ní àárín Atlanta. Kinesiology ni wọ́n ń pe ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ọ̀hún níbẹ̀. Ní Ìbàdàn, Human Kinetics ni. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò: bí ara èèyàn ṣe ń gbéra, ohun tó ń mú un gbéra, àti ohun tó ń dá a dúró. TP, ìyẹn lílọ fi iṣẹ́ tíṣà dánra wò, wà níbẹ̀ bó ṣe wà nílé. Àjọ tó ń fúnni níwèé-àṣẹ iṣẹ́ tíṣà, bíi TRCN tiwa, ni Georgia Professional Standards Commission. Wọ́n á tẹ ìka èèyàn, wọ́n á yẹ ìgbé-ayé rẹ̀ wò bóyá ó ti ṣẹ̀ sófin rí, yóò sì ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní GACE. Láti orí ọmọ jélé-ó-sinmi títí dé orí ọ̀dọ́ kíláàsì kejìlá ni ìwé-àṣẹ PHE gbà. Ẹni tó ti gba dìgírì rẹ̀ ní Nàìjíríà kò ní láti padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Yóò mú ìwé rẹ̀ lọ fún àwọn tó ń díwọ̀n ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀nà kan tún wà fún ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ mìíràn bọ̀, GaTAPP lorúkọ rẹ̀, tó fi lè máa ṣiṣẹ́ tíṣà bó ṣe ń kọ́ ọ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n inú kíláàsì gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ mú òkò jíjù. Nílé wa, kò sẹ́ni tó kọ́ wa ní òkò jíjù. Igi máńgòrò ni tíṣà wa. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jù ń jẹ máńgòrò, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jù ń ṣa èyí tó bá bọ́ sílẹ̀. Tíṣà tí wọ́n ń kọ́ ní Georgia gbọ́dọ̀ lè tú òkò jíjù palẹ̀ bí ẹni ń tú ẹ̀rọ: kọ ẹ̀gbẹ́ sí ibi tí o fẹ́ jù ú sí, gbé ọwọ́ lọ sẹ́yìn etí, fi ẹsẹ̀ òdìkejì ọwọ́ náà gbé ìgbésẹ̀ kan síwájú, yí ìbàdí, jù ú, kí o sì jẹ́ kí ọwọ́ bá ara kọjá. Ọ̀rọ̀ kéékèèké ló ń fi kọ́ ọmọ, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Tí ọmọ kò bá rí i jù, tíṣà á wò ó dáadáa, á mọ ibi tó ti ṣì í. Ó lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọwọ́ tó fi ń jù ú náà ló fi ń gbé ìgbésẹ̀. Wọ́n á tún un ṣe. Ọmọ tí ẹ rò pé ọ̀lẹ ni, ẹsẹ̀ ló gbé ṣì.

Ohun kejì ni ìyà. Èwo nínú wa ni wọn kò tíì ní kó fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí pápá ká nítorí pé ó pẹ́? SHAPE America, ẹgbẹ́ àwọn tíṣà PHE ilẹ̀ náà, ti là á mọ́lẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi eré ìdárayá jẹ ọmọ níyà. Èmi gbà pẹ̀lú wọn tọkàntọkàn. Ọmọ tí wọ́n fi sísáré jẹ níyà fún ọdún mẹ́fà, ta ló fẹ́ kó sáré nígbà tó bá pé ẹni àádọ́ta ọdún, tí dókítà ní kó máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru? Ẹgbẹ́ yìí kò sì fẹ́ kí olórí ẹgbẹ́ méjì dúró máa ṣa ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi ku ẹni tí kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ.

Òfin wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ní 1975 ni Amẹ́ríkà ṣe òfin ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara, òfin náà sì dárúkọ ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ní tààrà. Ọmọ tó wà lórí kẹ̀kẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí i, kì í ṣe àánú. Ìdí nìyẹn tí tíṣà fi ń kọ́ bí a ṣe ń fi bọ́ọ̀lù tó ń dún ṣeré pẹ̀lú afọ́jú, tàbí bí a ṣe ń fa ìlà eré súnmọ́ra fún ẹni tí kò lè rìn jìnnà. Georgia náà ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan, láti jélé-ó-sinmi dé kíláàsì karùn-ún, gba ó kéré tán wákàtí 90 ẹ̀kọ́ ìlera àti eré ìdárayá lọ́dún. Ẹ fi wé píríọ́dù PHE tiwa, tí tíṣà ìṣirò máa ń gbà tí ìdánwò bá ti súnmọ́lé.

Òfin mìíràn tí ìpínlẹ̀ náà ṣe ní 2009 ló mú ìdánwò okun ara lọ́dọọdún wá. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni sísáré lọ sáré bọ̀ lórí mítà 20, tí agogo á máa yára sí i bí eré náà ṣe ń lọ. Òbí ni wọ́n ń fi èsì ọmọ hàn. Wọn kì í kà á síta níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀.

Mi ò wá sọ pé kí a kórìíra ẹni tó yára. Pápá bọ́ọ̀lù Georgia State lónìí, tí yunifásítì náà rà ní 2017, ni pápá Òlíḿpíìkì 1996 tí wọ́n tún kọ́. Ibẹ̀ ni Chioma Ajunwa ti fò mítà 7.12 ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ, tó sì gba wúrà. Ibẹ̀ náà ni ọmọbìnrin wa, Falilat Ògúnkọ̀yà, ti sá mítà 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá 49.10, tó gba idẹ, kí òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn tó gba fàdákà nínú eré ìje tí wọ́n ti ń gbé ọ̀pá fúnra wọn. Ohun ìwúrí ni fún mi pé yunifásítì tó ń kọ́ àwọn tíṣà PHE ló ni ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀. Pápá àwọn tó yára jù láyé ti di ti ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni bí a ṣe ń dúró ti ọmọ tó gbẹ̀yìn.

Tíṣà tó bá ti ilé lọ náà ní ohun tó lè mú dání. Clarkston, ìlú tí kò jìnnà sí Decatur, ni ọ̀pọ̀ ìdílé tí ogun lé kúrò nílùú wọn tẹ̀dó sí. Ọmọ lè débẹ̀ láìgbọ́ gẹ̀ẹ́sì kankan. Níbẹ̀, tíṣà tó gbọ́njú bá súwè àti tẹ́ń-tẹ́ń ní Òṣogbo tàbí Abẹ́òkúta kò lọ lọ́wọ́ òfo. Súwè ń kọ́ ọmọ ní ẹsẹ̀ kan dídúró, tẹ́ń-tẹ́ń ń kọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ láti gbọ́ra wọn yé, ẹkùn-ń-mẹ́ran sì ń gba gbogbo kíláàsì láìṣa ẹnikẹ́ni. Àwọn eré yìí kì í náni lówó, wọn kò sì nílò gẹ̀ẹ́sì.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò tó ń ronú iṣẹ́ yìí ní Decatur, ẹ sọ fún un kó mú àwọn eré wọ̀nyẹn dání lọ. Ẹ̀yin tíṣà PHE tó wà nílé, mo bẹ̀ yín, ní píríọ́dù yín tó ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ pe àwọn tó wà lábẹ́ igi máńgòrò wá.