Kàrátè ní Ìrọ̀lẹ́, Irin ní Ìdájí

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí kì í ṣe èyí tí a máa ń sọ lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n ó ti wọ inú ilé wa. Bí ẹ bá gba Boundary kọjá ní Ajégúnlẹ̀ ní nǹkan bí agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, ẹ ó rí àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n bọ́ra sílẹ̀ dé ìbàdí, tí wọ́n ń gbé irin lẹ́bàá gọ́tà. Irin náà kì í ṣe èyí tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù. Páìpù omi ni, tí wọ́n ki orí rẹ̀ méjèèjì bọ inú agolo ọ̀dà, tí wọ́n sì da kọnkéré sí i títí ó fi gan. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn kan náà ni ẹ ó bá nínú gbọ̀ngán ilé ẹ̀kọ́, nínú aṣọ funfun, tí wọ́n ń ju ẹsẹ̀ sókè tí wọ́n sì ń pariwo.

Àwọn kan ń bi wá bóyá ó tọ́ kí ọmọ Ọlọ́run máa kọ́ ìjà. Ìbéèrè yẹn ní ọjọ́ tirẹ̀. Ohun tó gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀ tòní ni ẹ̀yìn ọmọ kan tó ń dùn ún.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Ní ọ̀sán, ó ń já ẹrù ní wọ́ọ̀fù Àpápá: àpò ìrẹsì, àpò ṣúgà, ohunkóhun tí kọ̀ǹténà bá kó dé. Ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, ó ń lọ kọ́ kàrátè ní ìrọ̀lẹ́, torí ó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò bẹ́líìtì dúdú. Ẹnì kan wá sọ fún un pé ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ kò wúwo tó. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irin ní ìdájí nìyẹn, lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, àfi ọjọ́ Ìsinmi nìkan, nítorí pé òun ni ó ń to àga nínú ilé ìjọsìn.

Nígbà tó di oṣù kẹta, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Lẹ́yìn náà, orúnkún. Ẹsẹ̀ tó ń gbé ga dé etí tẹ́lẹ̀ kò kọjá ìbàdí mọ́. Kò rí oorun sùn dáadáa, inú sì ń tètè bí i. Ìyá rẹ̀ fà á lọ́wọ́ wá bá wa, ó ní ọfà ni, pé ẹnì kan ti ta ọmọ òun ní ọfà ní wọ́ọ̀fù. Àwa náà kò wádìí. A jẹ́wọ́ rẹ̀ níhìn-ín. A gbàdúrà fún un, èyí dára. Ṣùgbọ́n a tún ní kí ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, a kò sì bi í ní ohun tó ń ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ó gba ààwẹ̀ náà lóòótọ́. Ó ń gbé irin, ó ń já ẹrù, ó sì ń lọ sí kàrátè, pẹ̀lú ikùn òfìfo. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, òòyì kọ́ ọ, ó sì ṣubú lulẹ̀ nínú gbọ̀ngán.

Arábìnrin kan wà nínú ìjọ wa tí iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn jẹ́ títọ́jú àwọn tí egungun tàbí iṣan wọn ní ìpalára. Òun ni ó lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé àti bírò ni ó kọ́kọ́ mú jáde. Ó ní, "Àbúrò, kọ gbogbo iṣẹ́ agbára tí o ṣe láti ọjọ́ Ajé di ọjọ́ Àbámẹ́ta sílẹ̀ fún mi." Nígbà tí wọ́n kà á tán, irin gbígbé jẹ́ ìgbà 6, ẹrù jíjá ìgbà 6, kàrátè ìgbà 3. Ìgbà 15 ní ọjọ́ mẹ́fà. Ó ní, "Ọjọ́ wo wá ni ara rẹ sinmi?" Ọmọ náà wolẹ̀, kò lè dáhùn. Àwa tí a dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn náà kò lè dáhùn.

Èlíjà lábẹ́ igi júnípérì ni ó sọ sí wa lọ́kàn. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tí a rán sí i kò ní kí ó gba ààwẹ̀. Oúnjẹ àti omi ni ó gbé síwájú rẹ̀, ó jẹ́ kí ó padà sùn, ó sì tún gbé oúnjẹ wá lẹ́ẹ̀kejì. A ti wàásù lórí orí yẹn láìmọye ìgbà láti ìgbà tí a ti jáde ní ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, oúnjẹ àti oorun inú rẹ̀ kò sì hàn sí wa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àlàyé tí arábìnrin yìí ṣe fún wa rèé. Kì í ṣe ìgbà tí ènìyàn ń gbé irin ni agbára ń wọ ara rẹ̀. Nígbà tí a bá gbé ohun tó wúwo, ńṣe ni ẹran ara ń ya wẹ́wẹ́ nínú, tí okun rẹ̀ sì ń tán. Lẹ́yìn náà, bí a bá jẹun tí a sì sùn, ara á tún ibẹ̀ ṣe, á sì jẹ́ kí ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àtúnṣe yẹn sábà máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ méjì. Ẹni tó bá padà dé orí rẹ̀ kí ó tó parí dà bíi bíríkìlà tó ń to búlọ́ọ̀kù kejì lé sìmẹ́ǹtì tí kò tíì gbẹ. Iṣan tó so ẹran mọ́ egungun sì lọ́ra ju ẹran fúnra rẹ̀ lọ. Apá lè ti yọ nínú dígí, kí iṣan ìgúnpá má tíì ṣe tán. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń fara pa ní ìgbà náà gan-an tí wọ́n rò pé agbára àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ wa, ẹ ó rántí Bruce Lee. Nígbà èwe wa, àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri káàkiri, a sì máa ń san owó kékeré láti wọ ilé fídíò lọ wò ó. Kò sí ẹni tó sọ ìtàn ẹ̀yìn rẹ̀ fún wa. Ní ọdún 1970, ní Amẹ́ríkà, ó gbé irin kan lé èjìká, ó ń tẹ̀ síwájú, ó sì ń nà ró. Irin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó òun fúnra rẹ̀, nǹkan bíi kìlógíráàmù 60. Kò mú ara gbóná kí ó tó gbé e. Iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa, àwọn dókítà sì sọ fún un pé kò ní lè ju ẹsẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, ó ń kọ èrò rẹ̀ nípa ìjà sílẹ̀. Wọ́n kó púpọ̀ nínú ohun tó kọ jọ sínú ìwé kan ní 1975, lẹ́yìn tó ti kú ní July 20, 1973. Ó padà dìde, ó sì ṣe àwọn fíìmù tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn náà kò fi í lọ́rùn sílẹ̀ títí tó fi kú. Ẹni tó mọ ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tó ń ṣe eré ìdárayá tó bẹ́ẹ̀, irin òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ó dá a dùbúlẹ̀.

Ǹjẹ́ kí á wá sọ pé kí wọ́n sọ irin nù? Rárá o. Àwọn olùkọ́ ẹ̀ṣẹ́ ti àtijọ́ ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní irin á mú ara gan, á sì mú ọwọ́ lọ́ra. Nígbà tí Nojeem Maiyegun, ọmọ Èkó, gba àmì ẹ̀yẹ idẹ nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní Tokyo ní 1964, tó jẹ́ àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà, bí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ṣe ń rò nìyẹn. Evander Holyfield wà lára àwọn tó yí èrò náà padà. Ní 1988, ó kúrò ní ìpele àwọn tí kò ju kìlógíráàmù 86 lọ, ó bọ́ sí àárín àwọn òmìrán. Ó gbé irin lábẹ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Lee Haney, tó gba Mr. Olympia lẹ́ẹ̀mẹjọ, wà lára àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Ní October 1990 ó lu Buster Douglas, ó sì di akọni àgbáyé. Ní November 1996 ó lu Mike Tyson. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ọdún ni ó fi gbé ara rẹ̀ ró, kì í ṣe oṣù. Irin sì ni ó ń sin ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ kò sin irin.

Ọmọ Yorùbá kan tún wà, Israel Adesanya, tí a bí ní Èkó ní 1989. Kékeré ló wà tó ti bẹ̀rẹ̀ taekwondo níbí, kí ẹbí rẹ̀ tó kó lọ sí New Zealand. Ó di akọni UFC ní ìpele àárín ní 2019. Ní March 2021, ó gòkè ìpele kan láti bá Jan Błachowicz, ará Poland, jà. Nígbà tí wọ́n wọn wọ́n, Adesanya jẹ́ kìlógíráàmù 91, èkejì jẹ́ 93. Nígbà tí ìjà dé òpin, Błachowicz gbé e ṣánlẹ̀, ó fi ìwúwo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì borí. Ìmọ̀ Adesanya kò dín kù lọ́jọ́ náà. Agbára ọkùnrin yẹn ni ó ju tirẹ̀ lọ. (A kò fẹ́ràn ìjà inú àgò yẹn o, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ sọ pé Pásítọ̀ ní kí ẹ máa wò ó.)

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ pínpín ni ó kù. Arábìnrin yìí fi kàrátè sílẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta rẹ̀, ó sì dín irin kù sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogójì ìṣẹ́jú péré. Kí ó lóṣòó kí ó sì dìde pẹ̀lú ẹrù, kí ó fa nǹkan, kí ó ti nǹkan, ó parí. Kí ó gbé èyí tó lè gbé ní ìgbà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí ó sì dúró nígbà tí ìgbà méjì ṣì kù lára rẹ̀. Bí ọjọ́ kan bá pa méjèèjì pọ̀, kàrátè ni kí ó ṣáájú, torí ẹsẹ̀ tí irin ti mú rẹ̀ máa ń kọ́ àṣìṣe, ohun tí ara bá sì kọ́ nígbà tó rẹ̀ ẹ́ kì í tètè gbàgbé. Bí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó dín irin kù. Ó sì ní kí ó máa ka lílù ọkàn rẹ̀ ní òwúrọ̀ kí ó tó dìde lórí ibùsùn. Bí ó bá ń fi nǹkan bíi mẹ́wàá lé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí ó sinmi.

Wọ́ọ̀fù ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ni ojú wa là. Àpò ìrẹsì kan jẹ́ kìlógíráàmù 50. Ẹni tó bá gbé 100 lọ́jọ́ kan ti gbé tọ́ọ̀nù márùn-ún. Kò sí jíìmù kankan ní Àpápá GRA tó máa ní kí ènìyàn ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ẹrù bá pọ̀, ọjọ́ irin ni, kí ó má gbé òmíràn mọ́. Ti àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì ní Creek Road, tí wọ́n sì jókòó sínú gosílóò lẹ́yìn tírélà títí ilẹ̀ fi ṣú, yàtọ̀: wọn kì í ṣe nǹkan kan láti ọjọ́ Ajé, wọ́n á wá kó gbogbo rẹ̀ ṣe ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ṣoṣo. Àwọn náà ń wá sí iwájú pẹpẹ pẹ̀lú ẹ̀yìn dídùn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wo àpò ọmọ yín. Àwọn alábàárù kan ń lo tramadol kí wọ́n má bàa mọ ìrora. Ìrora ni ara fi ń sọ̀rọ̀, òògùn yẹn á sì di ohun tí wọn kò lè fi sílẹ̀ mọ́. Oúnjẹ tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ kò sí nínú agolo olówó gọbọi: ẹ̀wà, ẹyin, ẹja, àti omi púpọ̀ nínú oòrùn Èkó yìí. Bí ìtọ̀ ọmọ bá dúdú bíi kóòkì lẹ́yìn iṣẹ́ agbára, tàbí tí ẹ̀yìn ń dùn ún tí ẹsẹ̀ sì kú tipiri, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. A ó bá yín gbàdúrà ní ọ̀nà.

Ọmọ náà sún ìdánwò bẹ́líìtì rẹ̀ síwájú oṣù mẹ́fà. Ó dùn ún gan-an. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń dé àyà báyìí, kò tíì dé etí. Ìyá rẹ̀, tó kọ́kọ́ ń wò wá bí ẹni tó gba ọfà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wá bá wa lẹ́yìn ìsìn, ó ní kí a bi arábìnrin náà léèrè: garawa omi mẹ́wàá láti ìsàlẹ̀ dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, ṣé irin ni àbí kì í ṣe irin? Arábìnrin náà ní irin ni. Láti ìgbà náà, ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ó ń pọn omi, inú rẹ̀ kò sì dùn sí wa rárá.