Bernard Bolzano, Àlùfáà tí ó Bèèrè Ẹ̀rí

Bí omi bá ń kún díẹ̀díẹ̀ láti orúnkún ènìyàn títí ó fi dé ọrùn, gbogbo wa ni a mọ̀ pé yóò ti kan ìbàdí kí ó tó dé ibẹ̀. Ta ni yóò tún bèèrè ẹ̀rí? Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín bèèrè.

Ìlú Prague, ní ilẹ̀ Bohemia tí ó wà lábẹ́ ọba Austria nígbà náà, ni a bí Bernard Bolzano sí ní 1781. Ní 1805 ó di àlùfáà ìjọ Àgùdà, Yunifásítì Prague sì fi í ṣe olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn. Ní 1817 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí ọ̀rọ̀ omi wa yìí, bí mo bá lè pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní kí a má ṣe fi àwòrán tí ojú rí ṣe ẹlẹ́rìí. Inú ìṣirò gan-an ni kí ẹ̀rí ti wá. Ó kọ́kọ́ sọ ohun tí kíkún láìfò jẹ́: bí a bá dín àkókò tí a fi ń wo omi kù tó, ìwọ̀n tí omi náà fi ga sí i yóò kéré dé ibi tí a bá fẹ́. Èyí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ń kọ́ títí di òní.

Ìwà kan náà ni ó gbé dé orí àga ìwàásù. Ó sọ̀rọ̀ lòdì sí ogun. Ó ní ẹ̀tọ́ kan náà ni ó tọ́ sí àwọn tí ń sọ èdè Ṣẹ́ẹ̀kì àti àwọn tí ń sọ èdè Jámánì ní Bohemia. Ní oṣù Kejìlá 1819, ọba Francis yọ ọ́ níṣẹ́. Kò gbọdọ̀ kọ́ni mọ́, kò sì gbọdọ̀ wàásù ní gbangba. Ìdílé Hoffmann gbà á sílé ní Těchobuz, níbi tí ó ti ń kọ̀wé. Àlùfáà ni títí ó fi kú ní 1848.

Ẹnìkan lè sọ pé ìyọnípò náà ṣe ìmọ̀ ìṣirò lóore, nítorí ó fún un ní àyè. N kò gbà. Ní nǹkan bí 1830, ó ṣe àpèjúwe ìlà kan tí kò já níbì kankan, síbẹ̀ tí kò sí ojú kan lára rẹ̀ tí a lè sọ bí ó ti dagun tó. Ní 1872, Weierstrass gbé irú rẹ̀ síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ní Berlin, ẹnu sì yà wọ́n. Àárín ìwé àfọwọ́kọ ni ti Bolzano wà títí di ẹ̀yìn 1920.