Dídára Àwòrán àti Tító-owó: Èdè-Ìperí fún Yíyan Kámẹ́rà Díjítà Onídígí

Nínú kámẹ́rà díjítà onídígí, dígí kan ni ó ń darí ìmọ́lẹ̀ tí ó gba inú awò wọlé lọ sí ojú ayàwòrán. Bí ó bá tẹ bọ́tìnnì, dígí náà a gbéra, ìmọ́lẹ̀ a sì bọ́ sórí àwo pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn rẹ̀. A pe àwo yìí ní agbàmọ́lẹ̀. Àwọn tótòtó tí ó para pọ̀ di àwòrán ni a pè ní ẹyọ-àwòrán.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní olùkọ́ kan ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara, tí a dá sílẹ̀ ní Malete ní ọdún 2009, fẹ́ lọ sí Ìlọrin láti ya àwọn ìkòkò tí àwọn obìnrin ń mọ ní Dada, kí ó lè fi wọ́n sínú ìwé atúmọ̀ èdè. Bí àwòrán kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ ínǹṣì 6 sí 4, tí ìtẹ̀wé sì ń béèrè ẹyọ 300 fún ínǹṣì kan, 1,800 lọ́nà 1,200 ni yóò gbà, èyí tí kò ju mílíọ̀nù 2.16 lọ. Kámẹ́rà oní-mílíọ̀nù 12 ti tó, ó tún ṣẹ́kù. Owó tí a bá fi kún un nítorí mílíọ̀nù 24 kò ní hàn lójú ìwé náà.

Ṣùgbọ́n iye ẹyọ-àwòrán nìkan kọ́ ni dídára àwòrán. Agbàmọ́lẹ̀ tí ó jẹ́ mìlímítà 36 sí 24 fẹ̀ ju èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 24 sí 16 lọ ní ìlọ́po méjì ó lé díẹ̀. Nítorí náà, ó ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ sí i lábẹ́ àtíbàbà tí ó ṣókùnkùn. Òun àti awò rẹ̀ a sì máa wọ́n. Àmọ́ ìkòkò kì í sáré: bí a bá gbé kámẹ́rà kékeré lé ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́ta, tí a sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀ lórí agbàmọ́lẹ̀ rẹ̀, àwòrán náà yóò mọ́ kedere.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí atúmọ̀ èdè pe tító-owó ní iye owó. Iye owó ni ohun tí òǹtajà gbà lọ́wọ́ wa. Tító-owó ni bí ohun tí a rà ṣe kájú owó náà sí fún iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe. Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ yóò rò pé ohun tí ó wọ́n jù ni ó dára jù. Lẹ́yìn ọdún 2020, Canon àti Nikon kò gbé irú kámẹ́rà yìí tuntun jáde mọ́. Tòkúnbọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ ọjà ọ̀pọ̀, kí ó sì tún tó owó, bí awò rẹ̀ kò bá ti hu èbu.

Kí olùkọ́ kọ́kọ́ béèrè ohun tí àwòrán náà yóò ṣe, kí ó tó béèrè iye tí wọ́n ń ta kámẹ́rà.