Ọkọ̀ tí ń Gbé Oúnjẹ Lọ sí Ibi tí Kò sí Ọjà

Bí iyọ̀ bá tán nínú ilé lálẹ́, a ó rán ọmọ sí aládùúgbò. Bí kẹrosíìnì bá tán, a ó dúró di ọ̀la. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kan wà ní ìpẹ̀kun ayé lápá gúúsù, tí ó jẹ́ pé ohun tí wọ́n bá gbàgbé láti kó lọ, wọn kò ní rí i títí ọdún yóò fi yípo. Ọkọ̀ ojú omi kan ni wọ́n gbójú lé. Orúkọ rẹ̀ ni S.A. Agulhas II.

Ìjọba South Africa ni ó ni ọkọ̀ yìí. Ìlú Rauma ní ilẹ̀ Finland ni wọ́n ti kàn án, ó sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ó ni ín ní ọdún 2012. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 134, ó sì lè gba bíi 100 èrò yàtọ̀ sí àwọn atukọ̀.

Ibi mẹ́ta ni ó máa ń bẹ̀ wò lọ́dọọdún láti Cape Town. Ní ìparí ọdún, ó ń lọ sí ilẹ̀ Antarctica, níbi tí ilé ìwádìí SANAE IV wà. Ní nǹkan bí oṣù April, ó ń lọ sí erékùṣù Marion, tí ó jìnnà tó bíi 2,000 kìlómítà. Ní oṣù September, ó ń lọ sí erékùṣù Gough, níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ojú ọjọ́. Kò sí ìlú, kò sí ọjà ní ọ̀kankan nínú wọn.

BÍ Ó TI Ń LA YÌNYÍN KỌJÁ

Ní apá Antarctica, òkun a máa dì gbagidi bí òkúta. Irin ara Agulhas nípọn, iwájú rẹ̀ sì dagun. Ńṣe ni ó ń gun orí yìnyín, tí ìwúwo rẹ̀ yóò sì tẹ̀ ẹ́ fọ́. Ó lè fọ́ yìnyín tí ó nípọn tó mítà kan bí ó ti ń lọ jẹ́jẹ́. Bí èyí tí ó bá pàdé bá le jù, yóò padà sẹ́yìn, yóò tún fi agbára kọlù ú.

Nígbà tí ó bá débẹ̀, kò sí èbúté. Etí yìnyín gíga ni ó ń fara tì, tí kéréènì yóò sì máa sọ ẹrù kalẹ̀ sórí yìnyín náà. Katakata ni yóò fà wọ́n lọ sí ilé ìwádìí, hẹlikọ́pítà yóò sì gbé ìyókù. Oúnjẹ ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n epo dísù kò kéré sí i. Òun ni ó ń fún wọn ní iná àti ooru. Omi mímu pàápàá, yìnyín ni wọ́n ń yọ́.

Àwọn bíi mẹ́wàá ni ọkọ̀ ń fi sílẹ̀ níbẹ̀ fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ: dókítà, mẹkáníìkì, àwọn ẹnjiníà àti àwọn olùṣọ́ ojú ọjọ́. Nígbà òtútù, oòrùn kì í yọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ọkọ̀ kankan kò sì lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ojú ọ̀nà gan-an jẹ́ ibi iṣẹ́. Ihò kan wà nínú ọkọ̀ náà tí ó là á já dé ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ń sọ ẹ̀rọ sínú ibú, láti mọ bí omi òkun ti gbóná tó àti bí iyọ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ tó.

OHUN TÍ YÌNYÍN LÈ ṢE

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré ni yìnyín yìí. Ní ọdún 1915, ó fún Endurance, ọkọ̀ Ernest Shackleton, pa nínú òkun Weddell, ọkọ̀ náà sì rì. Àwọn 28 tí ó wà nínú rẹ̀ jìyà púpọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn yè. Ní ọjọ́ 5 oṣù March, ọdún 2022, àwọn tí Agulhas II gbé lọ rí Endurance ní ìsàlẹ̀ òkun, ní jíjìn mítà 3,008. Ọmọ South Africa aláwọ̀ dúdú, Kápúténì Knowledge Bengu, ni ó ń darí ọkọ̀ nígbà náà. Yìnyín mú Agulhas pàápàá fún ìgbà díẹ̀ nínú àjò náà, kí ó tó já ara rẹ̀ gbà.

Iṣẹ́ yẹn ni ó mú òkìkí ọkọ̀ náà kàn káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹbí òṣìṣẹ́ mọ̀ ọ́n sí ni pé ó ń kó oúnjẹ àti epo lọ, ó sì ń kó ọmọ wọn bọ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.