Ìṣípòpadà àti Ìbísí Iye Ènìyàn: Àlàyé lórí Àwọn Ọ̀rọ̀-Ìperí

Ọ̀nà méjì ni iye ènìyàn orílẹ̀-èdè fi ń yí padà. Èkíní ni ìbísí àdánidá, èyí tí í ṣe iye ọmọ tí a bí, lẹ́yìn tí a bá ti yọ iye òkú kúrò. Èkejì ni àṣẹ́kù ìṣípòpadà, tí í ṣe iye àwọn aṣíwọlé, lẹ́yìn tí a bá ti yọ iye àwọn aṣíjáde.

Ó yẹ kí olùtumọ̀ ya ìṣípò abẹ́lé sọ́tọ̀. Ẹni tí ó ti Ṣakí lọ tẹ̀dó sí Èkó fi kún iye ará Èkó, ṣùgbọ́n kò fi kún iye ará Nàìjíríà.

Bákan náà, 'aṣíwọlé' àti 'àlejò' kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ni ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìgbẹ́tì pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Gánà. Lójú ẹbí, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà wálé ni. Nínú ìṣirò, aṣíwọlé ni, bí kò tilẹ̀ jẹ́ àlejò. Ìbí rẹ̀ ti wọ inú ìbísí àdánidá Gánà. Bí a bá tún kà á mọ́ ti Nàìjíríà, a ti ka ìbí kan lẹ́ẹ̀mejì.