Ìrora Ojú Tí Kì Í Ṣe Ti Eyín

 

Ìrora kan wà tí í gbá ènìyàn lójú lójijì bí ìgbà tí iná mànàmáná bá gbé e. A bọ́jú, ó dé. A jẹun, ó dé. Atẹ́gùn ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì fẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó tún dé. Ẹ̀gbẹ́ kan ojú ló sábà máa ń mú. Kì í sábà ju ìṣẹ́jú 2 lọ, àmọ́ ó lè dé lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́. Ẹni tí kò lè la ẹnu, báwo ni yóò ṣe polówó ọjà?

Àwọn dókítà ń pè é ní trigeminal neuralgia. Iṣan tó ń jẹ́ kí ojú mọ ohun tó kàn án ni ọ̀ràn wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, òpó ẹ̀jẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ nítòsí ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ ló ti yọ eyín tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan nítorí rẹ̀. Apá Panadol kì í sì í ká a.

Oògùn tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lò ni carbamazepine, èyí tí a mọ̀ sí Tegretol. Láti 1962 ni wọ́n ti kọ̀wé pé ó ń ṣiṣẹ́ fún ìrora yìí. Wọ́n ń lò ó fún wárápá pẹ̀lú; bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, ẹ má fòyà, kò sọ yín di oníwárápá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn tí à ń dédé rà ní kẹ́míìsì. Dókítà lè fi mílígíráàmù 100, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, bẹ̀rẹ̀, kí ó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Yóò yẹ ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti iyọ̀ inú ara wò. Owó àyẹ̀wò wà lára owó oògùn: ẹni tó ra oògùn láìṣe àyẹ̀wò dà bí ẹni tó yá owó láìbèèrè èlé.

A ń rọ̀ yín:

Bí ara bá sú, tí ibà tàbí ọ̀fun dídùn dé, tí egbò yọ lẹ́nu, tàbí tí ojú pọ́n bí ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Bí òòyì tàbí oorun bá ń kọ́ yín, ẹ má wa ọkọ̀.

Ẹ má dá oògùn náà dúró lójijì fúnra yín.

Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ń lo àgbo. Ẹ̀yin ìyá, ẹ sọ bí ẹ bá lóyún. Ó sì lè sọ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí di aláìlágbára.

Bí akápò ti ń kọ owó yín sínú páásìbúùkù, ẹ ní ìwé kékeré kan: ọjọ́, iye oògùn, iye ìgbà tí ìrora dé, ọjọ́ àyẹ̀wò. Ẹ mú un dání lọ bá dókítà. Bí oògùn kò bá ká a mọ́, iṣẹ́ abẹ wà. Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín lè kọ̀wé fún yín lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà.

Bí ẹ bá rí ẹni tó ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú ní ìsọ̀ rẹ̀, ẹ ka èyí fún un kí ó tó tún yọ eyín mìíràn.